Ẹni Tí Àbùkù Ọjà Ń Já Lé Lórí: Láti Ebúté Àpápá dé Ọjà Boundary

Kí ebúté tó dé Àpápá, kí Ajégúnlẹ̀ sì tó di ìlú ńlá, ọwọ́ àti ojú oníbàárà ni òfin tó ń dáàbò bò ó lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò yóò gbé e sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò sì fetí sí ìró rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ẹni tó fẹ́ ra ilá yóò ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ ra epo yóò tọ́ ọ wò. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyin yóò gbé e sójú oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ná ọjà, tí wọn yóò ka owó ẹyọ ní ogójì-ogójì títí yóò fi di ẹgbàá, tí ọlọ́jà yóò sì fi ẹ̀nì lé e. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn wọn ni Ìyálọ́jà, àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, àwọn Pàràkòyí tó ń ṣàkóso òwò. Ohun tó mú ètò yìí dúró ni pé ẹni tó mọ ìkòkò, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á kì í sábà jìnnà síra wọn ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Wọn yóò tún fojú kan ara wọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìrìn ọjọ́ kan di ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí òkun. Àwọn ọkọ̀ tó ń wá kó epo pupa àti èkùrọ́ ní Èkó ń já aṣọ Manchester, ọtí ìgò, iyọ̀ àti ìbọn sílẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn tó ṣe ọjà wọ̀nyí tí ó bá ọkọ̀ wá. Ìráhùn wá láti ọ̀nà méjèèjì. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ráhùn pé àwọn tó ń ta epo fún wọn ń po omi mọ́ ọn, wọ́n sì ń da èèpo mọ́ èkùrọ́. Àwọn tó ń ra aṣọ ráhùn pé aṣọ inú ìdì kò gùn tó bí wọ́n ti pè é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ó sì fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1863, èyí tó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé tuntun tó lè yà sí. Ní ọdún 1909, ariwo tí àwọn ènìyàn ń pa lórí ọtí jíìnì tó ń ti Yúróòpù wọlé pọ̀ débi pé ìjọba Gúúsù Nàìjíríà gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ pé ọtí náà kò burú tó bí wọ́n ti ń wí.

Òfin tí yóò darí ọ̀rọ̀ ọjà títà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London ṣe ní ọdún 1893. Nàìjíríà jogún rẹ̀ nípa ìlànà kan tó sọ pé gbogbo òfin gbogboogbò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 yóò máa ṣiṣẹ́ níbí pẹ̀lú. Orí àṣà àtijọ́ pé kí ẹni tó ń rajà la ojú ara rẹ̀ ni òfin náà dúró lé, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn méjì. Bí oníbàárà bá sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ ọlọ́jà, ọjà náà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun náà. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ó ti rà á bí wọ́n ti júwe rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tó ṣeé gbé sórí àtẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti yẹ ọjà wò kò lè ráhùn lórí àbùkù tó yẹ kí àyẹ̀wò náà fi hàn án: ẹni tó ti kan ìkòkò kò lè ní òun kò gbọ́ ìró rẹ̀. Gbólóhùn méjì mìíràn nínú òfin náà ni yóò pẹ́ jù láyé. Ẹni tó ta ọjà nìkan ni oníbàárà lè dì mú, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Olùtà àti olùrà sì lè fi ẹnu kò láti yọ ààbò òfin náà kúrò pátápátá.

Láàárín ọdún 1913 sí 1926, ẹnu ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà Èkó ti ń mú kí àwọn ọkọ̀ ńlá já ẹrù sílẹ̀ ní Forcados, kí àwọn ọkọ̀ kékeré tó kó wọn wá, ẹrù tí wọ́n bá sì ti gbé láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ kì í ṣàìfarapa. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, gbé ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dá a láre pé ìran tó ni ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó gba owó rẹ̀. Ọdún náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí omi rẹ̀ jìn ní Àpápá, wọ́n sì ṣí wọn ní ọdún 1926. Láti ìgbà náà, abẹ́ òrùlé àwọn ilé ẹrù Àpápá ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ rí ìdì aṣọ tí omi òkun ti bà jẹ́ àti àpótí ìgò tó ti fọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ẹrù ní ìwé ọkọ̀ àti owó adójútòfò tó lè fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ra ìdì aṣọ láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tí kò sì tú u títí ó fi dé ìsọ̀ rẹ̀, kò ní méjèèjì.

Ní ọdún 1923, Lever Brothers fìdí ilé-iṣẹ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì gbé ilé ìṣe-ọṣẹ rẹ̀ kalẹ̀ sí Àpápá. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọjà àti ẹni tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí ọ̀sà kan náà. Lódìkejì, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, abúlé tó ń jẹ́ Ajégúnlẹ̀, ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí, ń gba àwọn Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn tó wá ṣiṣẹ́ ní ebúté. Àwọn ni wọ́n ń ru ẹrù tí gbogbo Nàìjíríà ń rà. Bí wọ́n ti ń ru ẹrù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìgò kan ní Paisley, ní ilẹ̀ Scotland, ń gun àkàbà ilé-ẹjọ́ lọ. Obìnrin kan mu ọtí atalẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un, ó sì rí ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò dúdú náà. Kì í ṣe òun ni ó sanwó, nítorí náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn tó lè fi pe ẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1932, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní London pinnu pé ẹni tó bá dí ọjà pa tó sì rán an sáyé jẹ ẹni tí yóò jẹ tàbí mu ún ní gbèsè ìṣọ́ra, bí owó kò tilẹ̀ kọjá láàárín wọn. Ìpinnu náà bá òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n yóò tó ogójì ọdún kí ó tó bí ọmọ ní Èkó.

Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀ ní ebúté. Ìjọba fi iye lé oúnjẹ lórí, ó sì fi ètò náà sábẹ́ Kápúténì Pullen. Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà àti àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó kọ̀ ọ́ ní gbangba. Àṣà mìíràn tún gbilẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó nígbà náà: ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ tí ọjà ń wá gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò tà mọ́ ọn. Ọjà àfipámúnirà yìí kò ya, kò sì fọ́; àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó rà á kò fẹ́ ẹ. Obìnrin tó ti fi owó ara rẹ̀ rà á á tún wá ọ̀nà tí yóò fi dì í mọ́ ti oníbàárà tirẹ̀. Ìráhùn lórí rẹ̀ kò tán nígbà tí ogun tán, ó sì di ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn oníṣòwò àti olóṣèlú ń kà sí ìjọba amúnisìn lọ́rùn.

Ọdún 1954 fi ààlà sí àárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Òfin ìṣèjọba ọdún náà yọ Èkó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di olú-ìlú àpapọ̀. Àpápá bá Èkó lọ. Ajégúnlẹ̀ dúró sábẹ́ Ìbàdàn. Orúkọ Boundary tí àdúgbò àti ọjà náà ń jẹ́ títí dòní, ààlà ni ó túmọ̀ sí. Lábẹ́ òfin, ẹni tó ra bàtà tó já ní Àpápá yóò gbé òfin London ti ọdún 1893 dání lọ sí kóòtù, ẹni tó rà á ní òdìkejì títì yóò sì gbé Òfin Ọjà Títà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ ní ọdún 1959. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò bá níbẹ̀, nítorí pé àwọn aṣòfin Ìbàdàn kò ṣe ju pé wọ́n fi orúkọ tiwọn sára ohun tí London ti kọ. Ààlà náà yí ìwé padà, kò yí ohun tí oníbàárà lè gbà padà. Ó parẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tó sì tún da ilẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Ní àwọn ọdún òmìnira, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà dé ẹnu ọ̀nà Ajégúnlẹ̀. Ọtí Nigerian Breweries ti ń jáde ní Ìgànmú láti ọdún 1949. Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá ní ọdún 1962. Òṣìṣẹ́ kan lè di ìyẹ̀fun sínú àpò ní òwúrọ̀, kí ó sì ra búrẹ́dì tí wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe nígbà tó bá ń darí lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà kan náà, rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ àti fíríìjì ń wọ ilé àwọn tí kò lè san owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ọdún 1965 lórí ọjà tí à ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní ààbò tí òfin 1893 kò fún un: kò rọrùn mọ́ fún ọlọ́jà láti fi gbólóhùn kékeré inú ìwé yọ ara rẹ̀ nínú àbùkù ọjà, kò sì lè wọ́ ọjà padà bó ṣe wù ú lọ́wọ́ ẹni tó ti san ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀.

Owó epo rọ̀bì yí ìwọ̀n ohun gbogbo padà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ìjọba dá àjọ tí a mọ̀ sí SON lónìí sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọdún 1971, kí ó lè máa fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún ọjà. Ní ọdún 1974, àṣẹ mìíràn ní kí kílógíráàmù àti lítà di òṣùwọ̀n ọjà, bí ọjà tilẹ̀ di kóngò àti dẹ́ríkà rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ra nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ilé-iṣẹ́ Ààbò, bẹ́ẹ̀ ni ebúté kò lè gbà ju ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ́dún. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú omi Èkó, owó ìdádúró ọkọ̀ ń gorí ara wọn, sìmẹ́ǹtì sì ń gba ọ̀rinrin òkun sára. Ìjọba náà ṣubú ní oṣù keje ọdún 1975. Nígbà tí ìjọba tó tẹ̀ lé e kọ̀ láti san owó àwọn kan, ilé-iṣẹ́ Trendtex, tó ní ìwé owó fún 240,000 tọ́ọ̀nù, pe Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní London, ó sì borí ní ọdún 1977: adájọ́ ní báńkì náà kò lè fi ìjọba ṣe àwíjàre. Lẹ́ẹ̀kan yìí, olùrajà tó pàdánù ni ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí kan náà ni ìgbín Paisley dé kóòtù Nàìjíríà. Ní ọdún 1973, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Èkó gbọ́ ẹjọ́ ẹni kan tó rí eyín tó ti jẹrà nínú bisikíìtì tó ń jẹ, ẹjọ́ náà sì di èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí lórí gbèsè ìṣọ́ra tí olùṣe ọjà jẹ olùjẹ. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò rìn ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá ní ohun mímu inú ìgò ṣe òun níbi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé inú ìgò náà ni àìsàn òun ti wá. Ilé-iṣẹ́ yóò sì mú ẹlẹ́rìí wá láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń fọ ìgò tí ọwọ́ ènìyàn kì í kàn án. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ìyípadà dé ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ Nigerian Bottling Company ní Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù. Ilé-iṣẹ́ náà ta fíríìjì alákẹrosíìnì fún oníbàárà rẹ̀ kan. Fíríìjì náà ṣàìsàn, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún bú gbàù, ó jó ẹni tó rà á. Ilé-ẹjọ́ dá oníbàárà náà láre. Kì í ṣe àìṣọ́ra olùṣe ọjà ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà kà; orí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí òfin 1893 ṣí ni, pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á.

Ní ebúté, ìjọba ń wá ọ̀nà tí ìtìjú sìmẹ́ǹtì kò fi ní tún ṣẹlẹ̀. Ebúté Tin Can Island ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Láti ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n gbà láti máa yẹ ẹrù Nàìjíríà wò kí ó tó kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti rà á. Ojú tó wà lórí ìkòkò nígbà kan wá di ojú tí wọ́n háyà lókè òkun, àwọn àgbà sì ti wí pé ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba Shehu Shagari fún ọjà òkèèrè lọ́rùn pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Mílíìkì, ọṣẹ ìfọṣọ àti ìrẹsì di ẹ̀sẹ́ńkò, ọjà kòṣeémánìí tí wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún. Àwọn ológun tó gbàjọba ní ìparí ọdún 1983 já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ní kí wọ́n ta ohun tó wà níbẹ̀ ní iye tí ìjọba dá. Ẹni tó ti tò láti ìdájí kì í yẹ agolo mílíìkì wò lójú ẹni tó ń pín in.

Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986 já iye náírà walẹ̀, ọjà tuntun sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Àyè tó ṣí yìí ni tòkunbọ̀ gbà wọlé. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn odi di orúkọ ọkọ̀, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò kí ó tó dé Àpápá. Àwọn mìíràn ń pè é ní Belgium. Aṣọ wá ní ìdì, wọ́n ń pè é ní òkìríkà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń tú ìdì ni yóò ṣà á. Fún irú ọjà yìí, olùṣe rẹ̀ ti jìnnà, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó kò mọ ibi tó gbà lọ, ẹni tó ń tà á kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Òfin ní kí wọ́n má kó òkìríkà àti fíríìjì àlòkù wọlé mọ́. Èyí kò dá wọn dúró. Ó sọ wọ́n di ọjà tí ẹni tó tà á kò ní fẹ́ kọ ìwé lé, ẹni tó sì rà á kò ní ìwé tí yóò gbé lọ sí kóòtù.

Oògùn ni ó mú kí ìjọba yí èrò rẹ̀ padà pátápátá. Àṣẹ lórí ayédèrú oògùn ti jáde ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n ní ọdún 1990, ọmọ 109 kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò. Àṣẹ kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún 1993 dá NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀. Láti ọdún 2001, lábẹ́ Dora Akunyili, nọ́ńbà àjọ náà di ohun tí àwọn ìyá ń wá lára páálí kí wọ́n tó sanwó. Síbẹ̀, ní ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣe ní Èkó, pa ọmọ 84 pẹ̀lú kẹ́míkà kan náà. Àṣẹ mìíràn, ti ọdún 1992, ti dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ẹ̀dùn àwọn oníbàárà sílẹ̀, àmọ́ ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó yàtọ̀ nínú àwọn àjọ wọ̀nyí ni pé ìjọba lè bá ọlọ́jà wí láì jẹ́ pé oníbàárà kankan lọ sí kóòtù.

Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí Basel Action Network láti Amẹ́ríkà tọpa kọ̀ǹpútà àlòkù dé Èkó. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ń wọlé lóṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun inú wọn lè má ṣeé lò tàbí kí ó má ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò tà, orí ààtàn ni wọ́n ń jó o sí. Ọdún kan náà ni SON bẹ̀rẹ̀ ètò SONCAP, tó béèrè ìwé ẹ̀rí ìdára lórí ọjà kí ó tó kúrò ní ilẹ̀ tó ti wá. Ní ọdún 2011, ìjọba ní kí SON àti NAFDAC kúrò ní ebúté kí ẹrù lè yára jáde. Àwọn tó tún wádìí ní Àpápá àti Tin Can ní ọdún 2015 sí 2016 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ń wọlé lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò sì ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dán an wò.

Láti ọdún 2012, Jumia àti Konga mú ọjà kúrò lórí àtẹ lọ sórí fóònù. Níbi tí oníbàárà kò ti lè fọwọ́ kan ọjà, wọ́n jẹ́ kí ó sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ ààbò oníbàárà tirẹ̀, LASCOPA, sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2014. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Èkó dá ẹjọ́ kan tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2007, nígbà tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kọ Fanta àti Sprite tí oníṣòwò kan kó láti Èkó lọ síbẹ̀. Ìwọ̀n èròjà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ̀ wọ́n níbẹ̀ kò kọjá òdiwọ̀n Nàìjíríà. Adájọ́ pàṣẹ pé kí NAFDAC mú kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìgò pé kí wọ́n má fi fítámì C mu ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, kóòtù gbèsè kékeré bẹ̀rẹ̀ ní Èkó fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, pẹ̀lú ìlànà pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó gbé ìgbìmọ̀ ọdún 1992 sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì fi àjọ FCCPC rọ́pò rẹ̀. Òfin náà sọ lójú páálí ohun tí òfin 1893 fi sílẹ̀ fún àdéhùn. Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé ọjà tó rà. Ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ ní àmì tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá wúlò fún ohun tó sọ pé òun fẹ́ fi í ṣe, tàbí tí kò ní àǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e fún un, lè dá a padà láàárín àsìkò tó bójú mu, kí ó sì gba owó rẹ̀. Àyè tí òfin 1893 fún olùtà àti olùrà láti fi ẹnu kò kí ààbò kúrò di títì: àjọ FCCPC kéde pé àkọlé pé a kì í gba ọjà padà, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kọ sára ògiri àti rìsíìtì, kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àdúgbò Boundary lónìí, fíríìjì tòkunbọ̀ tò sẹ́bàá títì, àmì ilé tí wọ́n ti lò ó kí ó tó dé ṣì wà lára àwọn kan. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò tì í, yóò tún ṣí i. Ọlọ́jà yóò tan jẹnẹrétọ̀, wọn yóò sì jọ dúró tì í títí omi inú ike yóò fi tutù. Wọn yóò fi ẹnu kò lórí iye ọ̀sẹ̀ tí ọlọ́jà yóò fi gbà á padà bí kò bá mú mọ́. Bí rìsíìtì bá wà, àkọlé pé a kì í gba ọjà padà yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ọlọ́jà yóò sì wà lókè. Kí oníbàárà tó ka owó sílẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà náà, yóò sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ tó ń dún nínú àpò ẹni tó wà níwájú rẹ̀.